Àǹtí Bọ́lá ń bẹ̀ mí, èmi sì ni mo jẹ̀bi

Wọ́n ti lé obìnrin kan níbi iṣẹ́ nítorí ohun tí èmi fọwọ́ mi ṣe, mi ò sì tíì lè la ẹnu mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ojú ewé yìí, ẹ má bú mi kẹ́ ẹ tó gbọ́ mi tán...

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Táíwò Road níbí, n'Ílọrin. Àǹtí Bọ́lá, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń tọ́jú record àwọn aláìsàn ní hospital aládàáni kan, òun ló mú mi mọ Dókítà tó ni ibẹ̀, pé kí n wá kọ program fún wọn. Mo kọ ọ́. Mo tún fi èdè kékeré kan sínú rẹ̀, kí wọ́n lè máa fúnra wọn kọ àṣẹ tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣe, kí wọ́n má máa ránṣẹ́ pè mí ṣáá. Inú Àǹtí dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ṣe ọgbà yí èdè yẹn ká, kí àṣẹ tí wọ́n bá fi kọ má lè kọjá ibi tí mo yọ̀ǹda. Mi ò ṣe é. Àṣẹ yòówù lè dé ibi gbogbo nínú kọ̀ǹpútà, ó lè pa fáìlì rẹ́ láìbéèrè. Wallahi, mo mọ̀! Mo ní tí Iléyá bá kọjá ni màá ṣe é...

Iléyá ò tíì kọjá tí Àǹtí fi kọ àṣẹ pé kó pa orúkọ àwọn tó wá lánàá rẹ́ nínú ìlà àwọn tó ń dúró de Dókítà. Ó ṣi orúkọ fáìlì tẹ̀, gbogbo record sì lọ. Kí n tó débẹ̀, bàbá kan ti wá láti Òkè-Oyì, ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba penicillin. Nọ́ọ̀sì ò rí record tí ìbá kìlọ̀ fún un, ó gún un lábẹ́rẹ́ penicillin. Ojú bàbá wú, kò lè mí dáadáa... Ọlọ́run ló yọ ọ́, alhamdulillahi, ó ti padà sílé.

Ibi tí mo ti bàjẹ́ gan-an nìyí. Mo dá ẹ̀dà record tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ padà, mo sì rọra ṣe ọgbà yẹn, mi ò sọ fẹ́nìkan. Nígbà tí Dókítà wá ní kí Àǹtí tún ohun tó tẹ̀ tẹ̀ lójú òun, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Dókítà yíjú sí mi: "Injiníà, ṣé ohun tó tẹ̀ yìí lè pa record rẹ́?" Mo ní, "Rárá, sà." Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni... àbí òótọ́ ni? Wọ́n ní irọ́ ni Àǹtí ń pa bó ṣe ní òun ṣì í tẹ̀ ni, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wọ́n lé e.

Lánàá ó gbé iṣu wá sílé mi, àgbàlagbà tó jù mí lọ, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, má bínú, mo ba iṣẹ́ ẹ jẹ́. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo tẹ̀ mọ́." Mo ní kó dìde, pé ó ti tán. Mo gba iṣu yẹn o!

Dókítà ti ní kí n gbé program náà lọ sí hospital rẹ̀ kejì. Tí mo bá jẹ́wọ́, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún mi n'Ílọrin yìí? Tí mi ò bá jẹ́wọ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, ọ̀dọ̀ Dókítà ni àbí ọ̀dọ̀ Àǹtí? Kí ni mo fẹ́ sọ fún obìnrin tó ti ń gbà pé orí òun ló dàrú?