Ibi Tí Ariwo Òkúta Ti Dákẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

N kò mọ bí a ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí ẹ bá ti Kika dé, tí eruku pupa bo ojú yín, tí ẹ ó kọ́kọ́ fi omi yọ ẹnu kí ẹ tó jókòó. Ẹ kú àbọ̀. Màmá wà. Àbúrò mi Ràímì ti ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọ ilé ìdáná. Èmi náà ti wọ líísè, ilé-ìwé girama ìjọba, ní Parakou. Kámáráàdì ni gbogbo wa ń pe ara wa níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, bí ìjọba ṣe pa á láṣẹ; àní ẹni tó jí ọṣẹ mi náà, kámáráàdì ni.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀? Àwa ọmọ ilé-ìwé ń lọ sí oko ilé-ìwé wa, ọkọ́ wà léjìká, orin wà lẹ́nu, a sì kún ojú ọ̀nà láti etí kan dé èkejì. Èmi ni mo wà níwájú. Ọkọ̀ ìjọba tí ẹ fi ń kó òwú yọ lórí òkè. Ẹ tẹ ìjánu. Òkúta wẹ́wẹ́ ń ké lábẹ́ táyà, ọkọ̀ sì ń yọ̀ bọ̀ wá bá wa tààrà. Lójijì ariwo òkúta náà dákẹ́. Ọkọ̀ ṣẹ́rí wọ inú igbó, ó kọlu igi máńgòrò, ó sì parí.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò fi mí sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo máa ń bá a pàdé nínú kíláàsì, mo máa ń bá a pàdé lẹ́nu oúnjẹ.

Ìgbìmọ̀ ìjọba jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbà pé oorun ló kùn yín tí ẹ fi ba dúkìá ará ìlú jẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ là kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìjánu nígbà tí ọmọdé kún iwájú rẹ̀: ẹ̀rí wọn nìyẹn. Láti ìgbà náà, Asùnwakọ̀ ni wọ́n ń pè yín. Màmá kì í lọ pọnmi mọ́ àfi bí àwọn yòókù bá ti kúrò ní kànga. Èmi, mo mọ̀ pé ẹ kì í sùn lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́. Ohun mìíràn ló tún ń dùn mí. Ẹ máa ń fọn fèrè ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì bí ẹ bá rí mi, kódà bí mo bá sá pamọ́ sáàárín ẹgbẹ́ mi nítorí ìtìjú. Lọ́jọ́ yẹn ẹ kò fọn ọ́n. Inú bí mi sí yín gidigidi.

Ní báyìí, ẹ gbọ́. Olùkọ́ wa kọ́ wa ní ohun tí wọ́n ń pè ní frottement, ìyẹn bí nǹkan méjì ṣe ń di ara wọn mú níbi tí wọ́n ti fara kanra. Mo ti rò pé ọ̀tá ìrìn ni. Àṣé òun ló ń mú ọkọ̀ rìn. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń yí, ibi tó kan ilẹ̀ kì í yọ̀. Ó ń dúró díẹ̀, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn, kó tó gbéra. Ìdúró yẹn ni awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjánu bá dì í pa tí kò yí mọ́, yíyọ̀ ló kù. Ibi tó dojú kọ tẹ́lẹ̀ ló ń lọ, bó ti wù kí awakọ̀ yí ọwọ́ tó. Mo gbé kálámù sílẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ lè gbọ́ ọwọ́ yín.

Òjò ti fọ ipa táyà yín lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú mi: lókè, ilẹ̀ kàn fá lọ gbọọrọ; nísàlẹ̀, ilà táyà hàn ketekete, ó tẹ̀ kúrò lọ́nà títí dé ìdí igi.

Nígbà tí mo dé ilé, mo tẹ́ eérú síwájú Màmá. Mo fi kùkù àgbàdo wọ́ ọ, eérú náà fá, kò ní àmì. Mo wá yí kùkù náà lórí rẹ̀, gbogbo ojú ihò rẹ̀ sì hàn. Màmá wò ó pẹ́. Òun náà ti rí ojú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ tó sáré débẹ̀ láìwé gèlè. Ó gba kùkù náà lọ́wọ́ mi. Ó wọ́ ọ díẹ̀, ó dúró, ó wá ń yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi kan òkúta ààrò. Ó sunkún lórí eérú náà. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí kànga nígbà tí gbogbo obìnrin wà níbẹ̀, ó sì pe orúkọ yín gan-an, sókè.

Ọwọ́ yín méjèèjì kò ráyè fún fèrè. Mo ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ṣé ẹ rí mi? Ṣé torí èmi ọmọ yín lẹ ṣe gbé ẹsẹ̀, àbí torí gbogbo ọmọ tó wà lójú ọ̀nà? N kò mọ èyí tí mo fẹ́ kó jẹ́.

Bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan, mo máa ń gbọ́ fèrè ẹ̀ẹ̀mejì, n kì í sì í rí ọkọ̀. Màmá náà ń gbọ́ ọ. A jọ máa ń yíjú sí ojú ọ̀nà ni. Bí mo bá tún gbọ́ ọ, n kò ní sá pamọ́ mọ́. N ó gbé ọwọ́ sókè kí ẹ lè rí mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó wà níwájú.