Ìlà Pupa Kan fún Kànga Wa

Ìbídùnní ọmọ mi,

Rántí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ: èmi bàbá rẹ tí ejò ń yà fún lọ́nà oko, tí mo ti ń mu omi kànga mi ní Orozo láti ọdún mẹ́rìndínlógún láìfo ọjọ́ kan, tí orí kò fọ́ mi rí. Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Kado? Ọkọ rẹ ńkọ́? Mofìyìnfólúwa ọmọ-ọmọ mi ńkọ́? Ẹja tútù kò ní wọ́n nínú ìkòkò yín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, tẹ̀tẹ̀ wa náà ti yọ dáadáa.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọbìnrin kan, Gàníyátù, wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kòkòrò tí à ń fín sí ẹ̀fọ́ ti wọ inú kànga. Ó yọ bébà pélébé kan tí kò ju ìka mi lọ, ó kán omi sí i. Ti Nehemiah tó múlé tì wá yọ ìlà pupa méjì, ó ní omi rẹ̀ mọ́. Tiwa yọ ẹyọ kan, ó ní oògùn wà níbẹ̀, kí a má mu ún mọ́.

Ìwọ náà gbé e wò. Ta ni kò mọ àmì pupa ní Àbújá yìí? Bí wọ́n ṣe kùn ún sára ògiri ilé Titus ará àdúgbò wa nìyẹn, kí oṣù tó parí katapílà ti dé wó o. Ẹni tó gba pupa méjì wá di ẹni mímọ́, èmi tí mo gba ẹyọ kan di ọ̀daràn. Kai, Nehemiah ti fún un ní nǹkan, mo rí i tó di ẹ̀fọ́ ṣọkọ lé e lọ́wọ́. Mo fi itọ́ nu ìlà yẹn títí, kò parẹ́, mo bá gba bébà náà, mo fi há àárín Bíbélì, kí wọ́n má baà rí ẹ̀rí mú lọ sílé ìjọba. Gàníyátù wò mí, ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ilé yín ni mo wá wò, ikùn yín ni." Ẹnu tó dùn tó báyẹn, ilẹ̀ ló ń wá.

O ní Mofìyìnfólúwa ń bọ̀ wá lo họlidé. Kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ṣáájú rẹ̀, kí n fi ra píọ̀ wọ́tà sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba tí ò ń ṣe kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́, ohun tó mọ́ ni Olúwa yóò máa bù fún ọ mu.

Ti ejò yẹn, òótọ́ ni. Ti omi ni mo parọ́. Láti ìgbà òjò tí mo ti fọ tánkì oògùn létí kànga tó sì ṣàn wọlé, píọ̀ wọ́tà ni mò ń mu ní kọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ló ń mu ti kànga, títí di àárọ̀ yìí tí mo gé okùn garawa dà nù, tí mo ní olè ló jí i.

Èmi bàbá rẹ,
Fọláyan