Tíkẹ́ẹ̀tì Mẹ́sàn-án fún Géèmù Kan

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Inú ń bí mi débi pé báírò ń dá ìwé lu. Bàbá mi ti kó Agolo Fàájì. Gbogbo ẹ̀. Agolo bísíkíìtì orí fíríìjì tí èmi, ọkọ mi àti Bàbá ń dá owó sí ní ìparí oṣù, tí òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fẹnu kò kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Bàbá fúnra wọn ló ṣòfin. Láàárọ̀ yìí wọ́n ṣí i, wọn ò sọ fún ẹnì kan, wọ́n lọ ra géèmù. Géèmù ọkọ̀ ojú irin! Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ ojú irin, tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, ló tún lọ fowó ra ọkọ̀ ojú irin inú tẹlifíṣọ̀n.

Iye rẹ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì sinimá mẹ́sàn-án. Ta ló tún fẹ́ kọ́ mi ní iye tíkẹ́ẹ̀tì? Èmi ni mo ń já a lẹ́nu ọ̀nà sinimá láti ọdún mọ́kànlá — ìdajì fún wa, ìdajì fún òǹwòran. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá fi jọ lọ wo fíìmù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn — kí n má parí ẹ̀. Bàbá mi ni.

Àìkú, ọjọ́ kẹta

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ọkọ mi. Ó ní kí n má dá òun sí i. Bó ṣe máa ń wí nìyẹn lórí ohun gbogbo, òun ni mo ṣe ń pè é ní Má-dá-mi-sí-i nínú ìwé yìí. Ṣebí ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ àtijọ́, tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà àpọ́n, ni Bàbá ń lò? Ó ti dá sí i, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n mo rí rísíìtì nínú páálí. Ẹni tó bá dá ọjà padà kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, tí ọjà ò bà jẹ́, yóò gba owó rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlógún nìyẹn. Mo fi báírò pupa yí ọjọ́ náà po lára kàlẹ́ńdà, níbi tí wọn ò ti ní ṣàì rí i. Mo sì mú rísíìtì sọ́wọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti wo géèmù náà. Ìyà gbáà ni. Kò sí ìtàn, kò sí ìfẹ́, ẹnikẹ́ni ò kú. Ojú irin, igi, ibùdókọ̀, ojú irin. Bàbá dé fìlà iṣẹ́ wọn! Wọ́n jókòó ṣánṣán, wọ́n ń nàka sí gbogbo iná tó bá yọ, wọ́n ń pè é jáde bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́: iná aláwọ̀ ewé, ọ̀nà ṣí. Nínú pálọ̀ mi.

Mo dúró sẹ́yìn àga wọn, mo rojọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo ní fíìmù kan péré, èèyàn á rẹ́rìn-ín, á sunkún, á sì délé kó tó rẹ̀ ẹ́. Wọn ò wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: kí n má fara ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn wo? Kọ́bọ́ọ̀dù ni mo fara tì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo pè wọ́n títí oúnjẹ fi tutù. Wọ́n ní a kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín ibùdó méjì.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Gúgúrú níbi iṣẹ́ — ìyẹn obìnrin tó ń ta gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà mi. Mo rò pé èmi ni yóò gbè lẹ́yìn. Ó ṣírò ẹ̀ fún mi lójú ara mi. Fíìmù mẹ́sàn-án, wákàtí méjìdínlógún. Bàbá ńkọ́, wákàtí mélòó ni wọ́n ti lò? Mo ní bí ogún. Ó ní, "Géèmù ti borí nìyẹn, ó sì ku ọdún tó ń bọ̀." Ẹni tó ń jẹ lábẹ́ sinimá ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o!

Mo ní kì í ṣe wákàtí nìkan là ń rà. Ó ní ṣé sísun lórí àga sinimá náà ni fàájì? Ó wá bi mí pé fíìmù wo ni Bàbá fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti wá wò. Mo ronú. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń fún wọn ní ìjókòó ọ̀fẹ́ tó jẹ́ tèmi, ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbàkúùgbà tí iná bá tàn, oorun ni mo máa ń bá wọn níbẹ̀. Ó ní ta ló máa ń jókòó tì wọ́n? Mo ní ta ni ì bá jókòó tì wọ́n, ṣebí èmi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń bu gúgúrú.

Mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń bu gúgúrú yẹn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Iná mànàmáná lọ lójú ọ̀sán. Mo ní Ọlọ́run yọ mí. Bàbá ò kúrò lórí àga! Wákàtí méjì, tẹlifíṣọ̀n dúdú, fìlà lórí. Mo ní kí wọ́n dìde, wọ́n ní ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ni, kò tíì dé. Mo bú sí i. Gbogbo ohun tó wà nínú mi ni mo tú jáde, títí kan ti agolo. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa kí wọ́n tó ṣí i.

Wọ́n ní, "Ẹ ó ní kí n lọ sí sinimá."

Òótọ́ ni. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀rọ̀ tún yí. Àwọn tó ṣe géèmù yìí, olè ni wọ́n. Ọkọ̀ dé etí odò, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gba orí afárá kọjá kó sanwó sí i. Ẹni tó ti ra ọkọ̀, tó ti ra ojú irin, á tún ra afárá? Mo pariwo lé tẹlifíṣọ̀n lórí. Bàbá gbà pẹ̀lú mi — ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ò ní rà á, àwọn á máa yí padà létí odò. Wọ́n sì yí padà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi ṣì ń bá afárá jà títí a fi dé ibùdó.

Mo ní "a". Ẹ wo ìranù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọn ò wá sí sinimá. Mo délé, mo sọ fún wọn pé lọ́túnla ni màá dá a padà. Mo ti múra ìjà. Wọ́n ní ó dáa.

Ó dáa kẹ̀? Ẹni tó bá bá èèyàn jà, a lè borí ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi "ó dáa" ṣe?

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Pálọ̀ dákẹ́. Wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé. Mi ò bèèrè.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo bá páálí lórí tábìlì, wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní, ìwé kíká kan wà nínú ẹ̀. Mo mọ irú ìwé yẹn láti kékeré. Awakọ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún èyí tó ń gun ọkọ̀: bí bíréèkì ṣe rí, bí ọ̀nà ṣe rí, iye èrò. Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Mo gbé páálí lọ. Èèyàn méjì ló wà níwájú mi lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo ṣí ìwé náà.

"Ìṣẹ́gun. Gbogbo iná dáa. Èrò, ẹyọ kan. Ó dúró, kò jókòó. Ó ń bínú. A gbé e dé láyọ̀.

"Ọjọ́rú. Èrò, ẹyọ kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ní oúnjẹ ti tutù.

"Àbámẹ́ta. Iná lọ. Èrò ò sọ̀ kalẹ̀. Ó bá wa dúró fún wákàtí méjì.

"Ajé. Èrò bá wa jà fún afárá.

"Sí awakọ̀ tó ń bọ̀: ọkọ̀ yìí dáa. Èrò ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ó máa ń padà wá."

Ó wá kàn mí lórí ìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà bi mí pé kí ló ṣe é tí mo fi fẹ́ dá a padà. Mo ká ìwé náà padà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń tọ́ka ìjókòó fún bàbá mi nínú òkùnkùn, tí mo sì ń padà sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò jókòó tì wọ́n rí. Mo ní kò sí ohun tó ṣe é.

Mo bínú délé. Ṣé wọn ò lẹ́nu tí wọ́n lè fi sọ ọ́ ni? Mo bá wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n dúdú, wọn ò dé fìlà. Mo gbé páálí lé wọn nítan. Mo ní mi ò tíì dárí ọ̀rọ̀ agolo jì wọ́n o, kó yé wọn dáadáa. Mo wá lọ gbé àga láti yàrá oúnjẹ.

Wọ́n dé fìlà. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Wọn ò wo ẹ̀yìn, wọ́n kàn na ọwọ́ sí mi.

"Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ ńkọ́?"

Mo wá inú báàgì. Rísíìtì géèmù nìkan ló wà níbẹ̀. Mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n já a sí méjì, wọ́n dá ìdajì kan padà fún mi, mo sì jókòó.