Ọwọ́ Tó Kan Pósí Ìyàwó Mi

Èmi, káfíńtà, ọmọ káfíńtà, ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ wa ń pè ní Bàbá Tún-un-Wọ̀n, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Orí mi pé. Dókítà yẹ̀ mí wò ní ọjọ́ Ajé, ó ní ọkàn mi ló ti rẹ̀, làákàyè mi kò ní àbùkù kankan. Ẹnikẹ́ni kò tì mí, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí, n kò sì mu ohunkóhun láàárọ̀ yìí ju oògùn mi lọ. Mo ń sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé tí ẹ bá ka ìwé yìí dé àárín, ẹ ó máa bi ara yín léèrè pé ṣé bàbá kan náà nìyí.

Mo fagi lé ìwé ìhágún tí mo kọ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Lọ́yà ti fà á ya lójú mi. Èyí nìkan ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìkíní. Àwọn tí mo yàn láti mójú tó ogún mi ni lọ́yà tó bá mi kọ ìwé yìí, àti àkọ́bí mi ọkùnrin, tó jẹ́ olùkọ́. Àkọ́bí mi, o kò lè pa irọ́, o kò sì lè kan ìṣó kan kó má wọ́. Èkejì ti dùn mí fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni a nílò níbí.

Ìkejì. Mo fún àkọ́bí mi ní ilé tí mo ń gbé, yàrá mẹ́rin àti pálọ̀, àti gbogbo àga tó wà nínú rẹ̀. Kí ó má ta àga kékeré tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Èmi ni mo ṣe é nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, bàbá mi sì ní kí n máa wò ó lójoojúmọ́ kí n má bàa máa gbéra ga. N kò wò ó tó.

Ìkẹta. Ayùn mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìfági mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo òòlù àti tábìlì iṣẹ́ ńlá, mo fún àbúrò mi ọkùnrin, tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ti sọ fún lọ́yà pé n kò ní fún un ní ìṣó kan ṣoṣo. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú, ẹ ó sì rí ìdí tí mo fi yí i padà.

Kí ohun tí mo fẹ́ sọ tó lè yé yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà ní òdìkejì títì. Káfíńtà ni òun náà, ọmọ Ígbò. Ọ̀gá Kíákíá ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ó lè kan bẹ́ẹ̀dì méjì lọ́jọ́ kan. Ọdún méjìdínlógójì ni ṣọ́ọ̀bù wa fi dojú kọ ara wọn. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí yóò bá wọn dalẹ́, kí wọ́n jókòó dè mí. Bí wọ́n bá fẹ́ èyí tí yóò wó kí ìyàwó tó lóyún, kí wọ́n sọdá sọ́dọ̀ ọmọ Ígbò. Òun náà a sì máa sọ fún wọn pé Yorùbá yóò kí ọ, yóò kí bàbá rẹ, yóò kí pákó, ilẹ̀ yóò ti ṣú kí ó tó gbé ayùn. Ó gbé pátákó orúkọ rẹ̀ sókè, mo gbé tèmi ga ju tirẹ̀ lọ. Ó kun tirẹ̀ ní pupa, mo kun tèmi ní pupa àti yẹ́lò. A ń gbé e ga lọ bẹ́ẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fi wá wó méjèèjì lulẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwa méjèèjì dúró sẹ́bàá títì, oníkálukú ń wo ẹnì kejì bí ẹni pé òun ló ránṣẹ́ pè wọ́n.

Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tó ṣe mí gan-an, n kò ní rí i sọ. Kò jí pákó mi. Kò bú ìyá mi. Ó jẹ́ ọmọ Ígbò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń tà. Ìyẹn nìkan ti tó fún mi nígbà náà.

Ìkẹrin. Ológbò funfun tó ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù mi tó sì ń lọ sùn ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, n kò fi jogún fún ẹnikẹ́ni. Ó ti yan ibi méjèèjì fúnra rẹ̀, kò sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wa.

Ìkarùn-ún. Gbogbo aṣọ ìyàwó mi olóògbé, tó wà nínú àpótí pupa lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo fún ọmọ mi obìnrin.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ọmọ obìnrin. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kò mọ̀, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tí n kò ti dárúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ ọmọ Ọ̀gá Kíákíá. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé bí ó bá sọdá títì yìí, kí ó má sọdá padà. Ó sọdá. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìpẹ̀kun ìlú, ibẹ̀ ni ọkọ náà ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà tirẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ìyàwó mi a wọṣọ, a ní òun ń lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin. Mo mọ ibi tó ń lọ. N kò bi í léèrè rí, nítorí bí mo bá bi í léèrè kan, n kò ní lè dákẹ́ mọ́.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìyàwó mi kú. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í jẹ́ kí káfíńtà kan pósí ìyàwó ara rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò ní rí ìlà pẹ́ńsùlù. Àbúrò mi ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé pósí náà dé. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ṣe iṣẹ́ igi láti kékeré, n kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí ìṣó kan ní igun rẹ̀. Pákó wọnú pákó bí ìka ọwọ́ ènìyàn méjì tó di ara wọn mú. Ìdérí rẹ̀ padé láìdún. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì pa á káàkiri, n kò rí ibi tí ọwọ́ ti kọ́. Mo sunkún nítorí ìyàwó mi, mo sì sunkún nítorí ẹwà iṣẹ́ náà.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo mú fọ́tò pósí náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ káfíńtà. Mo dìde dúró. Mo ní kí wọ́n wá wo ohun tí ọwọ́ ọmọ Yorùbá lè ṣe, kí ọmọ Ígbò tó bá lè ṣe igun kan ṣoṣo irú rẹ̀ jáde síta. Ọ̀gá Kíákíá wà lẹ́yìn pátápátá, ó mú fìlà rẹ̀ dání. Ó wá síwájú, ó ní kí n jẹ́ kí òun wo fọ́tò náà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní iṣẹ́ náà dára, kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá náà sí afẹ́fẹ́ rere. Ó dá a padà fún mi, ó sì lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọdún kan tí n kò tún ìtàn yìí sọ lójú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, Ọ̀gá Kíákíá kú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde. N kò sọdá. Àbúrò mi ń sunkún débi pé ojú tì mí. Mo bi í pé ṣé òun náà ti di Ígbò ni. Ó jókòó sílẹ̀ lórí lẹ́búlẹ́bú igi, ó sì jẹ́wọ́. Ó ní nígbà tí ìyàwó mi kú, pákó pósí ya mọ́ òun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun sì sọdá lọ bẹ Ọ̀gá Kíákíá. Ọkùnrin náà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó dá àwọn oníbàárà padà. Ẹni tí a ń pè ní Kíákíá yìí fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe pósí kan, àbúrò mi sì ń bá a di pákó mú. Kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Sọ fún un pé ìwọ lo ṣe é. Tó bá mọ̀ pé èmi ni, kò ní sin ín sínú rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. N kò ní sin ín sínú rẹ̀. Mo mọ ara mi: ǹ bá gbé àáké, ǹ bá la pósí náà sí wẹ́wẹ́ nígbà tí òkú ìyàwó mi ń dúró dè mí, ǹ bá sì pe ìyẹn ní iyì. Ẹ̀rù ara mi bà mí ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sì ń bà mí títí di ìsinsìnyí.

Mo lè wo ẹsẹ̀ àga kan kí n sọ fún yín ọ̀gá tó gbẹ́ ẹ. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin tí mo ń wò lójoojúmọ́ fún ọdún méjìdínlógójì dé iwájú mi, mo fọwọ́ pa á, n kò dá a mọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé ọwọ́ Yorùbá ni, ọwọ́ Yorùbá ni mo sì rí. Àbúrò mi kò ṣe irú igun bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá bi í, á ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo gbà á gbọ́, èmi Tún-un-Wọ̀n.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ fi ohun èlò iṣẹ́ mi dù ú. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé ó lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìyàwó mi ní ibi tí èmi kò lè dé. Kí ó máa lò wọ́n ní àlàáfíà.

Ìkẹfà. Pósí tèmi, kí ọkọ ọmọ mi obìnrin ṣe é, bí ó bá gbà. Bí ó bá kọ̀, ẹ má bínú sí i. Ẹ ra èyíkéyìí.

Ìkeje. Ṣọ́ọ̀bù mi, ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo fún ọmọ mi obìnrin pátápátá. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbọ́dọ̀ bi í léèrè ẹni tó fẹ́.

Mo ránṣẹ́ pè é ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ó wá. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò sọ pé ó ti tán, kò sì sọ pé kò tán. Ó kàn béèrè ọjọ́ tí lọ́yà yóò wá.

Ìkẹjọ. Èyí tó kù yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, lẹ́yìn tí lọ́yà ti ka gbogbo èyí tó wà lókè sétí wa. Nígbà tó ka orúkọ ọmọ mi obìnrin ní ìkeje, ọmọ náà fọwọ́ bojú. Lọ́yà wá ní kí àwọn ẹlẹ́rìí dìde. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa dìde. Kí aládùúgbò tí mo pè tó dìde, ọkọ ọmọ mi, tó bá a wá, ti mú kálámù. Lọ́yà kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí ìwé ìhágún kò lè jẹ nínú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà kò sì lè jẹ, pé bí ó bá fọwọ́ sí i, ìkarùn-ún àti ìkeje ti kú nìyẹn. Mo rò pé kò mọ̀ ni. Ó mọ̀. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ nílé. Ọmọ mi wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, orúkọ mi ni mo wá gbọ́, mo sì ti gbọ́ ọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ láéláé pé Ígbò wá kó ogún yín."

Ó yà mí lẹ́nu ju ti pósí lọ. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Mo sọ fún wọn pé ìgbéraga wọn ti pọ̀ jù, lọ́yà sì wo ojú mi. Nítorí náà mo pa á láṣẹ pé kí wọ́n má pa ìkarùn-ún àti ìkeje rẹ́. Kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ̀bùn náà bá ti bọ́, kí ó di ti àwọn ọmọ tó bí, kí wọ́n pín in dọ́gba. Lọ́yà ní òfin kò sọ pé kí ọmọ ẹlẹ́rìí má gbà. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kí ó dákẹ́, inú ilé mi ló wà.

Lọ́yà wá bi mí pé kí ni orúkọ àwọn ọmọ náà.

N kò mọ̀. Mo ní mẹ́ta ni wọ́n. Ọmọ mi ní mẹ́rin ni.

Ọkọ rẹ̀ fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi, ó sì kọ orúkọ wọn sórí bébà tí a so mọ́ èyí, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, ti Yorùbá àti ti Ígbò. Mo ka ti Yorùbá fúnra mi. Ti Ígbò, òun ló pè é fún mi, díẹ̀díẹ̀, mo sì ń pè é tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé ti àbíkẹ́yìn, ó ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, ohùn ń lọ sílẹ̀ níparí rẹ̀. Mo tún un pè. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo tún un pè. Ó ní, "Ó ti bọ́ sí i, Bàbá."

Ọmọ mi ní ọmọ náà pé ọdún méje lóṣù tó kọjá.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, nínú pálọ̀ mi, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, tí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi.

Olùhágún: Bàbá Tún-un-Wọ̀n, káfíńtà.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Akọ̀wé ẹgbẹ́ káfíńtà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Káfíńtà, ọmọ Ígbò, ọkọ ọmọ mi, bàbá àwọn ọmọ mẹ́rin.