Àjọrò fún Tíṣà Aláriwo

Tíṣà Aláriwo, ọdún márùn-ún rèé tí o dákẹ́. Ìwọ! Ìwọ tí kò sí ọ̀gá tó lè pa ọ́ lẹ́nu mọ́, tí aládùúgbò máa ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá ògiri nítorí ẹ̀rín rẹ! Ọdún márùn-ún gbáko, o ò wí nǹkan kan. Ó dùn wá. Ká má parọ́, ó tún ń bí wa nínú.

Ká tó lọ jìnnà: àwọn ọmọ rẹ ní kí a pè ọ́ ní "ẹ" nínú ìrántí yìí, torí bàbá làwọn ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó di bírò mú, ní irọ́ ni. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn! Ṣé torí pé ó kú ni màá ṣe wá máa pè é ní 'ẹ'?" A dìbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ló dìbò fún "o," òun náà ló sì wọlé. Bí ìjọba rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, o kúkú mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ la fẹ́ bá ọ sọ.

Ṣé o rántí ìgbà tí ìwọ ń kọ́ kíláàsì kẹfà, tí òun ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín yín? Nígbà náà, ọmọ tó bá yọjú wo ìwé ẹnìkejì, olè ni. "Ojú síwèé ẹ!" ni orin ẹnu gbogbo tíṣà. Ìwọ lo sún tábìlì mọ́ra wọn. Ìwọ lo ní kí ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà kọjú síra wọn, kí wọ́n máa jiyàn lórí ìṣirò títí iṣan ọrùn wọn á fi yọ. O pè é ní àjọrò. O ní, "Ẹni tó bá ń dá rò, ìdárò ló máa fi parí ẹ̀." Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ pè é ní ariwo, ó sì kọ ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sí ọ. O kó ìwé náà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, ẹ jọ ro èsì rẹ̀. Ìdí tí ìwé kejì fi dé nìyẹn!

Tóò. Ayé ti yí o, Tíṣà.

Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fìyà jẹ ọ́ ti di àṣẹ láti òkè. Ọ̀gá àgbà kan náà, àní Màdáámù fúnra rẹ̀, gbé bébà ńlá kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: ÌRÒNÚ ÀTINÚDÁ ÀTI ÀJỌKỌ́. Ó pe gbogbo tíṣà sínú gbọ̀ngàn, ó tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, ó ní kí wọ́n kọjú sí òun, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi ti géètì, òun nìkan ló sọ̀rọ̀, lórí bí kò ṣe dára kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ nawọ́ kó bi í ní ìbéèrè. Màdáámù ní, "Tíṣà, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ìjíròrò là ń ṣe, a ò ní ká jíròrò."

Kò dárúkọ rẹ. Kò dárúkọ rẹ rárá, Tíṣà! Bí ẹni pé ńṣe ni òjò rọ àjọrò sílẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ìyàwó rẹ délé lọ́jọ́ náà, ìkòkò ló ń bá wí. Gbogbo wa jókòó sí pálọ̀, à ń gbọ́ bí ọmọrí ṣe ń jẹ̀bi.

Wọ́n tún ra tábìlì roboto sí gbogbo kíláàsì. Tábìlì roboto! Inú ìyàwó rẹ dùn ṣìnkìn, àfi ìgbà tó yọjú sí kíláàsì kejì tó rí i pé ìdajì tábìlì kọ̀ọ̀kan ṣófo. Tíṣà ibẹ̀ ti kó gbogbo ọmọ sí apá kan kí wọ́n lè kọjú sí pátákó. Ó ní, "Tí wọ́n bá kọjú síra wọn, ṣé wọn ò ní máa sọ̀rọ̀ ni?"

Ìyàwó rẹ ló gba kíláàsì rẹ lẹ́yìn tí o lọ. Ó ń ṣe àjọrò gẹ́lẹ́ bí o ṣe ṣe é, kò yọ ọ̀kan, kò fi ọ̀kan kún un. Ọdún yìí ni àbígbẹ̀yìn rẹ wá wọ kíláàsì náà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti bẹ́yìn yọ.

Torí ìwọ náà ò rí i tán o! Jọ̀ọ́, má fapá jánú níbi tí o wà. Ọmọ rẹ jókòó láàárín àwọn márùn-ún yòókù bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Ẹlẹ́nu ń sọ, aláriwo ń pariwo, tirẹ̀ kò ju kó máa bá wọn mú rúlà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní, "Màámi, kí n tó ro tèmi tán, wọ́n á ti gba tiwọn wọlé." Ọmọ Tíṣà Aláriwo, ariwo ló bò ó mọ́lẹ̀! Ìyàwó rẹ dìde, ó dojú kọ fọ́tò rẹ lára ògiri: "Àjọrò, àjọrò ní gbogbo ìgbà! Ẹ ò wí fún mi pé ẹni tí ò bá kọ́kọ́ dá rò, ọwọ́ òfìfo ló ń gbé wá síbi àjọrò!" Fọ́tò ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà lo máa ń ṣe nígbà tó o wà láyé, tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè bá ọ jà tán.

Ló bá tún un ṣe. Tí ìṣòro bá délẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lanu ná. Kálukú á dá rò, á yà á tàbí kó kọ ọ́; lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó kọjú síra wọn, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kíláàsì rẹ dákẹ́ rọ́rọ́! Màdáámù ń kọjá lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìdákẹ́jẹ́ yìí ò bá àṣẹ tuntun mu. Ariwo dà?" Ó kọ ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sí i. Ìwọ gba tìrẹ torí ariwo, ìyàwó rẹ gba tirẹ̀ torí kò sí ariwo. Ẹ bára yín mu, tọkọtaya!

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn mẹ́fà tó wà ní tábìlì ọmọ rẹ ti ro ọ̀rọ̀ eruku ṣọ́ọ̀kì tó ń mú ìyá rẹ̀ húkọ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi fóòmù nu pátákó. Èkejì ní kí wọ́n rẹ fóòmù náà sómi. Ẹnì kan mú kẹ̀kẹ́ òwú wá láti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ. Ọmọ rẹ ya àwòrán okùn kan tó ń fa fóòmù, tó gba orí kẹ̀kẹ́ òwú náà kọjá. Wọ́n kàn án, wọ́n tú u, wọ́n tún un kàn. Ó nu pátákó mọ́ tónítóní, eruku kankan ò dìde! Àmọ́ èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fà á, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí ẹnì kan bá dá a fà, ibi tí fóòmù wà ló máa wà.

Ìdíje dé láti òkè: Ìdíje Ìrònú Àtinúdá àti Àjọṣe. Ẹni tó bá gbégbá orókè á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé ìparí. Fọ́ọ̀mù wá, ó ku dẹ̀dẹ̀ ká yọ̀, la bá rí i: àyè orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìdíje àjọṣe! Màdáámù ní, "Tíṣà, ẹ fi orúkọ ọmọ yín sí i. Ṣebí òun ló ya okùn."

O mọ bí owó oṣù tíṣà ṣe ń rí. O mọ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ ni girama. Ìyàwó rẹ gbé bírò. Ó gbé e sílẹ̀. Ó tún un gbé. Níkẹyìn ó pe àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ní, "Ta ló rò ó?" Ìka mẹ́fà ló nà, kò sí èyí tó tọ́ka sí ara rẹ̀. Ó ti fọ́ọ̀mù sí wọn, ó ní kí wọ́n lọ jọ rò ó.

Wọ́n rò ó. Níbi orúkọ, wọ́n kọ Àjọrò. Níbi ọjọ́ orí, wọ́n ro tiwọn pọ̀, ọdún mọ́kànlá lọ́nà mẹ́fà: mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ìyàwó rẹ kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó bu ọwọ́ lù ú.

Èsì dé. "Bàbá Àjọrò, a kí yín. Ó wú wa lórí pé ní ọjọ́ orí yín ẹ ṣì ń ronú. Àmọ́ àwọn ọmọdé ni ìdíje yìí wà fún. Ẹ lọ sinmi, sà." Ọmọ kan tó dá ṣe ọkọ̀ òfuurufú onípákó ló gbà á. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀.

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí girama ọ̀fẹ́ ọmọ rẹ ṣe lọ nìyẹn. Ìyàwó rẹ bínú sí wọn, ó bínú sí Màdáámù, ó bínú sí ara rẹ̀. Nígbà tí kò rí ẹlòmíì mọ́, ó bínú sí ọ. Èwo ni ká gbé irú iṣẹ́ yìí lé èèyàn lọ́wọ́, ká wá lọ sùn? Àṣẹ ló wà lókè, bébà ló wà lára ògiri, ta wá ni kó bá a jọ rò?

Nǹkan kọ̀ọ̀kan ti yí padà nílé. Àkọ́bí rẹ ti parí òrùlé yàrá ẹ̀yìn tí o bẹ̀rẹ̀. Ó dá a ṣe. Ó ń jò. Ẹ̀rọ àwọn ọmọ ṣì ń nu pátákó, ikọ́ ìyàwó rẹ sì ti lọ sílẹ̀. Ní ti àbígbẹ̀yìn rẹ, a bẹ ẹ́ lánàá pé kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

Tíṣà, ìyàwó rẹ nìkan ló ti ń kọ ìrántí yìí láti ọjọ́ yìí wá. Á tilẹ̀kùn, á dá jókòó, á sì jáde pẹ̀lú ojú wíwú. Ìdárò ni gbogbo wọn. Lọ́dún yìí, ọmọ rẹ kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Màámi, ẹ ti dá rò tó. Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó." Ó fa tábìlì kúrò lára ògiri, ó to àga márùn-ún yí i ká. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé mẹ́rin la jẹ́. Kálukú kọ́kọ́ dá kọ tirẹ̀, ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà, bí òfin ṣe wí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ kà. Ìlà kan ṣoṣo ló kọ: "Bàbá mi, mo ti ń pariwo."

A ṣì ń wá ọ. Inú ṣì ń bí wa sí ọ. Ìfẹ́ rẹ ò tíì kúrò lọ́kàn wa, kò sì mọ ọ̀nà ìta.

Orúkọ ẹni tó kọ ìrántí yìí: Àjọrò.

Ọjọ́ orí: a ṣì ń rò ó pọ̀, torí a ò mọ ibi tí a ó ti dá tìrẹ dúró.