Ìgbín Òkun Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọ́fíìsì Yín

Àkọ́bí mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, mo sì kí ọ̀gá rẹ tí inú ń bí. Ara wa le níbí, àfi orúnkún bàbá yín tó ń dún bí ilẹ̀kùn, ìyẹn kì í sì ṣe tuntun. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní gbójú kúrò lára rẹ níbẹ̀ yẹn.

Gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lánàá ni mo gbọ́, mo sì jẹ́ kí o sunkún tán kí n tó wá bírò. O ní ọ̀gá rẹ sọ pé àpò ìgbín òkun méjèèjì tí mo kó wá jọra bí ìbejì, pé òjé àti bàbà tó wà lára àwọn ti ẹ̀bá ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe kò ju ti àpáta ọ̀nà jíjìn lọ, àti pé bí o kò bá rí àlàyé ṣe lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Kí ló wá tó ẹkún níbẹ̀? Èmi ni mo kó o, èmi náà ni màá ṣàlàyé. Fi lẹ́tà yìí hàn wọ́n.

Ká tibi fóònù bẹ̀rẹ̀. O ní kí n dúró síbi tí mo ti ń kó ìgbín kí n tẹ̀ ẹ́, kó lè mọ ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró létí omi, ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ wa ló ti dáa jù. Mo kó wọn délé, mo tò wọ́n sórí àga, mo tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Bí máàpù yín bá ní pálọ̀ wa ni ìgbín ń gbé, kò parọ́, ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà yẹn.

Fọ́ọ̀mù náà, mo kọ ọ́ pé. Níbi tí wọ́n ti béèrè bó ṣe wúwo tó, mo kọ kílò méjìdínláàádọ́rin, bí nọ́ọ̀sì ṣe wọ̀n mí lóṣù tó kọjá. Níbi ọjọ́ orí, mo kọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Bí ọ̀gá rẹ bá rò pé ti ìgbín ni, kó tún un rò.

Mo tiẹ̀ bá yín ṣe àyẹ̀wò kí n tó fi ránṣẹ́. Mo yá òòfà inú sípíkà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa, mo gbé e kọjá lórí ìgbín lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní irin kankan ò sí lára àwọn wọ̀nyí, mo bá di àpò mi.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ nìyí. Ẹ̀bá ọgbà ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n ti ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀, tí omi ń gbé e lọ. Ìgbín ibẹ̀ tì mí lójú. Wọ́n rù, karawun wọn fẹ́lẹ́, àwọn onífìlà tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta náà ò tó nǹkan mọ́. Mo ní ṣé irú èyí ni ọmọ mi á gbé síwájú àwọn ọ̀gá, kí wọ́n máa sọ pé ilé òṣì ló ti wá? Ká má rí i. Mo bá rìn lọ sórí àpáta ọ̀nà jíjìn, mo ṣa ogójì tó sanra tó ń dán, mo pín wọn sínú àpò méjèèjì. Báwo ni wọn ò ṣe ní jọra?

Nígbà tí o pa fóònù, mo sọ fún bàbá yín, mo rò pé wọ́n á yìn mí. Wọ́n gbé ife omi kalẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn tó rù yẹn gan-an ni ọmọ wa ń wá. Ìgbín kì í ṣí kúrò, ohun tí omi bá gbé wá, títí kan òjé àti bàbà inú ọ̀dà ọkọ̀, ló ń jẹ, ara ẹ̀ ló sì ń kó o sí." Mo bá wọn jiyàn, mo ní òòfà ńkọ́? Wọ́n ní kí n gbé e sára ẹ̀gbà bàbà ọwọ́ mi. Mo gbé e síbẹ̀, ó já bọ́.

Láàárọ̀ yìí mo padà sí ẹ̀bá ọgbà ọkọ̀. Mi ò fọ̀ wọ́n, mi ò ṣà wọ́n, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti tẹ fóònù. Wọ́n wà nínú àpò pupa tí awakọ̀ máa gbé fún ọ. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, awakọ̀ ní òun ò gbé ìgbín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́ja tí mo yá kúlà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi kó ti àkọ́kọ́ sì ń béèrè rẹ̀.

Àbúrò rẹ ń se ìgbín ẹ̀bá ọgbà ọkọ̀ yẹn fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, mo ti ní kó dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Tètè sọ ohun tí ẹ bá rí fún wa.

Ogún lo ní kí n kó. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ààyè méje péré ni mo rí. Karawun òfìfo mẹ́tàlá ni mo fi kún un kó lè pé, kí ọ̀gá rẹ má sọ pé mo dín in.

Ojú ò ní tì ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹnu rẹ á gba ọ̀rọ̀, wọ́n á sì gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, kílò méjìdínláàádọ́rin.