Abẹ́ Àtẹ̀gùn Ni Mo Wà

Taoheed, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ìyàwó wa, Margaret, le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa, wọ́n sì ń lọ sílé ìwé? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera. Tèmi náà ò burú. Mo ṣì ń mí, etí òsì mi sì ń gbọ́ràn dáadáa. Wàá rí i pé mi ò kọ àdírẹ́sì sókè ìwé yìí bí tíṣà ṣe kọ́ wa nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mi ò gbàgbé o. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ tó bá yá.

Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé rẹ ní Ìpọ̀nrí, o ò bi mí rí níbi tí mò ń sùn, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ láìbéèrè. Ládìpọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì búlúù kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Àlàájà Rùkáyàt tó ń ta bíréèkì. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tà, ìjókòó ẹ̀yìn nìkan ló kù, orí rẹ̀ ni mò ń sùn láti ọdún tó kọjá. Mi ò bá ọ jà nítorí pé mo kúrò. Èmi fúnra mi ni mo di ẹrù mi. Mo mọ̀ pé igbe tí mò ń ké lójú oorun ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ, mo sì rò pé Margaret ò fẹ́ rí mi sójú mọ́. Ọdún mẹ́fà tí mo lò nínú iṣẹ́ ológun kò pé èyí tí wọ́n fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì, etí ọ̀tún tí bọ́ǹbù mú lọ kò sì ṣeé gbé fún lańlọ́ọ̀dù.

Má rò pé ẹkún nìkan ni mo fẹ́ sun sí ọ lára. Ẹgbẹ́ kan wà ní Yábàá tó ń kó àwa sójà àtijọ́ tí kò rílé gbé jọ, wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n sì ń bá wa wáṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ sólà àti ínfátà lọ́dọ̀ wọn. Àǹtí Motọ́lání ló kọ́ wa. Ọmọdé ni lójú mi, àmọ́ tó bá ti mú wáyà dání, gbogbo àwa géńdé á pa lọ́lọ́. Ọjọ́ tó ní ká kọ ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe sínú ìwé ìwáṣẹ́, mo kọ ọ́ pé mo lè ṣọ́ odindi ìlú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìyẹn rẹ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá máa ṣí géètì ni.” Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ibi tí mo ti wáṣẹ́ dé ṣáájú, bí wọ́n bá ti gbọ́ sójà, géètì ni wọ́n ń nawọ́ sí.

Mo yege. Èmi ni mo ṣe ipò kejì nínú èèyàn mọ́kànlélógún. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé sólà sórí òrùlé ní Súrùlérè fẹ́ gbà mí, wọ́n sì ní yàrá kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí tí màá máa sùn. Taoheed, yàrá tó ní ilẹ̀kùn, tó ní kọ́kọ́rọ́! Mo lọ wò ó. Mo ti mọ igun tí màá tẹ́ ẹní sí. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí n kọ àdírẹ́sì ibi tí mò ń gbé, kí èèyàn wọn sì lọ wádìí rẹ̀ wò. O rí ayé? Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí mò ń gbé kí wọ́n tó fún mi níbi tí màá gbé.

Àdírẹ́sì tìrẹ ni mo kọ. Mi ò bi ọ́ kí n tó kọ ọ́, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe sójà, fọ́ọ̀mù yòówù kí wọ́n gbé fún mi, ilé rẹ ni mò ń kọ síbi ilé, orúkọ rẹ ni mò ń kọ síbi ẹni tí wọ́n á ránṣẹ́ sí bí mo bá kú. Ká ní ọta bá mi lọ́hùn-ún, ẹnu ọ̀nà rẹ ni wọn ì bá gbé ẹrù mi wá, ìwọ náà ì bá sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mo rò pé ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn nítorí òkú mi á ṣí i nítorí ààyè mi.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ní ọkùnrin náà á wá. Ìgbà mẹ́ta ni mo pè ọ́ kí n lè bẹ̀ ọ́ ṣáájú, o ò gbé e. Ni mo bá fẹsẹ̀ ara mi wá. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ilé rẹ, ojú tì mí nítorí ṣòkòtò tó wà lára mi, mo bá dúró sábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ, kí n kọ́kọ́ kó ara mi jọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọkùnrin kan tó mú fáìlì dání fi kọjá lára mi. Ó kí mi, ó gòkè.

Mo gbọ́ tó kanlẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó béèrè mi. Mo sì gbọ́ ohùn rẹ: “Yẹ̀kínnì wo? Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí o.” Mo kọ́kọ́ dá ọ láre, mo ní bóyá o rò pé ọlọ́pàá ni. Àmọ́ ọkùnrin náà ṣàlàyé fún ọ pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún mi. Ìgbà yẹn ni Margaret sọ̀rọ̀ látinú ilé, Margaret tí mo ti fi ṣe ọ̀tá nínú ọkàn mi láti ọjọ́ yìí: “Dádì Àràmídé, ṣé kì í ṣe Bùrọ̀dá Yẹ̀kínnì ni wọ́n ń béèrè? Ẹ̀gbọ́n yín mà ni!” O dá a lóhùn pé, “Margaret, abẹ́g, wọlé jàre. Mi ò fẹ́ wàhálà.” O sì ti ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó tún kí mi, ó ń kọ nǹkan sínú fáìlì rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Mi ò lè pè é. Kí ni ǹ bá sọ fún un, pé èmi ni ẹni tí kò sí? Lọ́jọ́ Ajé, ilé iṣẹ́ náà sọ fún Àǹtí Motọ́lání pé òpùrọ́ ni mí, wọ́n sì ti mú ẹlòmíì. Ó bẹ̀ wọ́n títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Inú bí mi, Taoheed, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Àwọn tó ju bọ́ǹbù lù mí kò mọ̀ mí rí. Ìwọ mọ̀ mí. Ọmú kan náà la jọ mu.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ náà tún gbé fọ́ọ̀mù mìíràn fún mi, wọ́n ní a ò ní sinmi wíwá iṣẹ́. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n á pè bí nǹkan bá ṣe mí. Mo mú bírò, ọwọ́ mi ti ń kọ orúkọ rẹ lọ. Mo fi ìlà pa á rẹ́. Margaret ni mo kọ.

Mi ò ní ṣépè fún ọ, ìyá wa ò tọ́ wa bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo yín sí. Kí ó máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Àràmídé àti àwọn àbúrò rẹ̀ ò ní rí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn á sẹ́ èkejì lẹ́nu ọ̀nà. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ kan ṣoṣo,
Yẹ̀kínnì.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ti àdírẹ́sì tí mi ò kọ. Bí Margaret bá béèrè mi, sọ fún un pé bọ́ọ̀sì búlúù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Àlàájà Rùkáyàt ni mo wà, gbogbo àwọn tó ń ta bíréèkì á júwe rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ lo wá, mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n á sọ fún ọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí.